Imú Ọlọ́ṣẹ

Bí imú ẹni tó ń ṣe ọṣẹ olóòórùn dídùn bá kú, kí ló kù fún un? Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọlọ́ṣẹ mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ibà kan ló dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ibà máa lọ, ó gbé òórùn lọ. Ó ki imú bọ ìgò lọ́fínńdà, ó ki í bọ ike ìdọ̀tí, bákan náà ni, bí ẹni ń gbóòórùn omi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ló bá pa ẹnu mọ́, ó ń ṣe ọṣẹ rẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣoṣo tó ń tù ú nínú ni pé ọṣẹ náà ń tà. Onídìrí tó ń bá a tà á ní ṣọ́ọ̀bù kì í pẹ́ ránṣẹ́ pé ó ti tán, kó gbé òmíràn wá.

Nígbà tí ìgbéyàwó Tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kòríkòsùn, ku bí oṣù méjì, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ní àwọn máa kóra jọ sílé rẹ̀ láti bá a yọ̀ kó tó lọ sílé ọkọ ní ìlú òkèèrè. Ọlọ́ṣẹ ní kí ẹnikẹ́ni má ra ẹ̀bùn ọjà, òun máa fọwọ́ ara òun ṣe èyí tí wọ́n máa pín. Tẹ́ẹ́rẹ́ ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn tí ẹnu wọn kì í sinmi ti ní kò ní í rọ́kọ mọ́. Ṣé irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ la ó wá fi ọṣẹ ọjà ṣe?

Ó yọ́ òróró àgbọn, ó da omi kọ́sítíìkì sí i, ó ń rò ó títí ó fi ki. Nígbà tó kan lọ́fínńdà, ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè. Tẹ́lẹ̀, imú ló ń sọ fún un pé ó tó. Ó rò ó kó pe aládùúgbò kó bá òun gbóòórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú olójú kò jọ ojú ẹni, áńbọ̀sì imú olímú! Ó dà á bí ọkàn rẹ̀ ṣe sọ. Nígbà tí ọṣẹ gbẹ, ó gbẹ́ òdòdó sójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi rìbọ́ọ̀nù funfun dì í. Ó ń sunkún bó ṣe ń gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: òdòdó kan kò wọ́.

Lọ́jọ́ náà, àwọn obìnrin gbé ọṣẹ sí imú, wọ́n pariwo.

"Háà! Ọlọ́ṣẹ, ọwọ́ ẹ mà dáa o!"

Láti ìgbà tí ibà ti lọ, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ jẹun yó.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó dúró bá ìyàwó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó ń wá páálí tí wọ́n máa kó bàtà sí, ló bá fa ọ̀kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wúwo. Ó ṣí i: ọṣẹ rẹ̀ ni, bó ṣe dì í ránṣẹ́ sí onídìrí gan-an. Ó fa òmíràn. Ọṣẹ náà ni.

"Tẹ́ẹ́rẹ́, kí lèyí?"

Ìyàwó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, má bínú. Ó ti pẹ́ tá a ti mọ̀. Látìgbà ibà yẹn ni ọṣẹ ẹ ti ń rùn bí epo tó ti bàjẹ́. Àwọn èèyàn ń dá a padà. Mo wá ní kí onídìrí máa kó o fún mi, èmi ni mò ń sanwó ẹ̀."

"Tòní ńkọ́? Àwọn tó ń pariwo yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n."

Ọlọ́ṣẹ wá ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ọdún kan gbáko ni àánú ẹnì kan fi bọ́ ọ, tí òun ń pè ní iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ń to ọṣẹ padà sínú páálí.

"Ìgbà wo lẹ ń lọ gan-an?"

"Tá a bá ti ṣègbéyàwó, lọ́jọ́ kejì ni."

"Ta ló máa wá máa rà á?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ó ń bá a to ọṣẹ.