Ọdún Kan, Owó-orí Méjì

Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé mi kúrò ní Ọ̀yọ́ wá sí ọ́fíìsì owó-orí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ojú tì mí jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Káfíńtà kan, Alàgbà Ìṣọ̀lá, ọmọ ìjọ Aládùúrà, wọlé, ó tẹ́ ìwé owó-orí méjì síwájú mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màdáámù. Ṣé èèyàn méjì ni mí ni?"

Ọ̀yọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá sí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, torí ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn fẹ́ wà nítòsí ìyá rẹ̀. Ọ̀yọ́ ti gba owó-orí ọdún gbáko lọ́wọ́ rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ náà tún bu ti ọdún gbáko fún un. Bẹ́ẹ̀, iléèwé kan fẹ́ gbé iṣẹ́ àga àti tábìlì fún un, àfi kó mú ìwé-ẹ̀rí owó-orí wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Mo wo ìwé Ọ̀yọ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí i! Ó tilẹ̀ sọ fún mi nígbà náà pé òun ń kó lọ. Mo ní, "A ti gbọ́, bàbá," mi ò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni mo wí. "Èmi ni mo ṣàṣìṣe."

Ó ti ìwé méjèèjì sún mọ́ mi. "Ó dáa tí ẹ jẹ́wọ́. Ó yá, ẹ tún un ṣe."

Kíá, mo pín owó ọdún náà sí méjì ọgbọọgba, mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa, Bàbá Àlàó. Ni ọ̀gá bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Bùnmi, ṣé àkàrà lò ń pín ni? Iṣẹ́ tó ṣe ni kó o bi í, kì í ṣe oṣù tó lò. Owó tó rí l'Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ ló ni owó-orí rẹ̀. Èyí tó rí níbí, tiwa ni."

Mo padà sọ́dọ̀ Alàgbà. "Bàbá, ibo lẹ kọ iṣẹ́ Ọ̀yọ́ sí?"

"Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ògiri ibo?"

"Ti Ọ̀yọ́ náà ni. Mi ò ṣáà lè ru ògiri wá!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Onígbàjámọ̀ kan ti gba ṣọ́ọ̀bù náà. Agolo ọ̀dà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti kun ògiri kan tán. Mo figbe ta láti ojú títì: "Ẹ dúró! Ẹ má kun ìyẹn!" Ọkùnrin náà ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó nawọ́ sókè.

Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ògiri tó kù ni tiwa. Mo kúnlẹ̀, mo ń dà á kọ: bẹ́ẹ̀dì ìyàwó, ilẹ̀kùn mẹ́fà, pósí kan. Mo kan "àga ṣọ́ọ̀ṣì, ti Olúwa." Kò kọ iye kankan sí i.

"Èyí ńkọ́, bàbá?"

"Olúwa kì í jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n kò tíì san."

Lẹ́yìn èyí tó kọ ní oṣù kẹta, ògiri náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọsibítù ló jókòó sí láti ìgbà náà. Iṣẹ́ Ọ̀yọ́ kò tó nǹkan, owó tó san níbẹ̀ sì ti pọ̀ jù. A ka èyí tó lé sí ti Ògbómọ̀ṣọ́ fún un, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì fi kún un.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kó tó di ọ̀sán, ìwé-ẹ̀rí tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kò dúró dúpẹ́ títí. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó forí lé iléèwé náà, iṣẹ́ ọ̀hún sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Bàbá Àlàó ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà sí Ọ̀yọ́, kí n ṣàlàyé bí àṣìṣe náà ṣe ṣẹlẹ̀, kí wọ́n lè fi owó tó lé náà ránṣẹ́ sí wa. Mo kọ ọ́ láìyọ ohunkóhun sílẹ̀, mo fi orúkọ mi ní kíkún sí i. Mo kọ lẹ́tà púpọ̀ kí n tó fẹ̀yìntì. Kò sí èyí tó wù mí tó ìyẹn.