F Tó Dínà Mọ́ Darlene

Títí di òní, tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ Darlene Stidham, àyà mi á já. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbálẹ̀ ilé ìwé wa ní Kentucky níbí, ojú mi ti rí nǹkan, àmọ́ kò rí irú èyí rí.

Darlene ló ń se oúnjẹ ọ̀sán fáwọn ọmọ. Ọ̀gá ilé ìwé ti fi àyè tíṣà kíláàsì kejì pamọ́ dè é, tó bá sáà ti lè gba ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì kó tó di oṣù kẹfà. Gbogbo kọ́ọ̀sì ló ti ṣe tán, ó ku ìṣirò. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Tó o bá ti gba àádọ́ta, kọ́lẹ́ẹ̀jì á kà á bíi pé o jókòó ní kíláàsì náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èmi Orville, tí ìṣirò kì í bà lẹ́rù, ni mo ní màá kọ́ ọ.

Ìdí tábìlì tó ti ń po ìyẹ̀fun la máa ń jókòó sí táwọn ọmọ bá ti jẹun tán. Mo fi ìka ya òbíríkítí méjì tó wọnú ara wọn sójú ìyẹ̀fun.

"Ọgbọ̀n ọmọ. Méjìdínlógún mu mílíìkì, mẹ́rìndínlógún mu omi ọsàn, mẹ́sàn-án mu méjèèjì. Mélòó ni ò mu nǹkan kan?"

"Mẹ́rin."

"Mẹ́rin kẹ̀? Darlene, ṣé orí lo fi ń ronú ni àbí ìkòkò?"

"Tó o bá tún bú mi, búrẹ́dì àgbàdo tó jóná lo máa jẹ lọ́la."

"Ìyẹn á kúkú sàn ju èyí tí ò jóná lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un kà. Ó ní márùn-ún.

Mo bú u gan-an láwọn oṣù yẹn, mi ò ní purọ́. Ó ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé òun fìdí rẹmi nínú ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn kan náà lọ́dún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà pé orí rẹ̀ ló le.

Lóṣù kẹrin, mo fi ọkọ̀ mi gbé e lọ ṣèdánwò. Nígbà tó jáde, ńṣe ló dì mọ́ ògiri.

"Orville, mẹ́tàdínláàádọ́rin."

Lọ́jọ́ kejì, a gbé èsì lọ sí ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo kọ̀ǹpútà títí.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ti gba F nínú kọ́ọ̀sì yìí níbí rí. Ẹni tó bá ti gba F, òfin ò jẹ́ kó fi ìdánwò yìí dípò. Ẹ máa padà sí kíláàsì ni, lóṣù kẹsàn-án."

Oṣù kẹsàn-án, tí ẹlòmíì á ti gba iṣẹ́ ọ̀hún. Ìwé ìlànà ìdánwò náà wà lọ́wọ́ mi láti oṣù kìíní, òfin yìí wà nínú rẹ̀, àmọ́ ibi tí ìṣirò wà nìkan ni mo kà.

"Àfi tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ fi pa kíláàsì tì nígbà yẹn," ọmọbìnrin náà sọ. "Ẹ lè kọ lẹ́tà sáwọn ìgbìmọ̀."

Darlene ní kí wọ́n yá òun ní bírò, ó ní kí n lọ dúró de òun nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè é láti kọ́lẹ́ẹ̀jì: wọ́n ti pa F rẹ́, wọ́n sì ti gba ìdánwò wọlé. Mo jó yí ilé ìdáná po. Mo wá bi í pé kí ló tiẹ̀ kọ tí wọ́n fi gbà. Ó yọ ẹ̀dà lẹ́tà náà lápò ápírọ́ọ̀nù, ó nà án sí mi, ó sì padà sídìí iná.

"Tessa ọmọ mi kú lóṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ọmọ ọdún méje ni. Mi ò padà sí kíláàsì mọ́. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n wá sọ fún yín."

Ojú tì mí débi tí mi ò lè gbórí sókè. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ̀ pé ó bímọ rí.