Nígbà tí Wẹ́dà Bọ́ Aṣọ Àlùkò

Ẹ sọ fún Wẹ́dà pé ilẹ̀kùn irin tó ṣe wọ́, ẹ̀rín ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ ní owó rẹ̀ ti ga jù, yóò ní kẹ́ ẹ san èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lè yanu pé Fiorentina ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹ ti tọwọ́ bọ ojú egbò nìyẹn.

Kò dé Italy tí ẹgbẹ́ náà ti wá rí. Kò mọ ẹni tó débẹ̀. Àwọn ìbejì rẹ̀, obìnrin méjèèjì, ló kọ́ ọ ní géèmù bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé. Wọ́n ní kó mú ẹgbẹ́ kan. Ó rí aṣọ àwọ̀ àlùkò, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ni tèmi," ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ, géèmù kò tẹ̀ lé wọn. Ọdún méjìlá rèé, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ̀, á jẹun, á gbé pádì géèmù, òun àti Fiorentina rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á máa rán aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú pálọ̀ kan náà.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ò kan obìnrin yìí rárá. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni, àwọ̀ kì í fo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ló gbójú sókè, ó rí i pé funfun ni Fiorentina wọ̀.

"Bàbá Ìbejì, kí ló dé? Aṣọ yín dà?"

"Funfun ló wù mí lónìí."

"Ó wù yín! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá Kẹ́hìndé jà lọ́jọ́ sí pé kò gbọdọ̀ wọ funfun fún ẹgbẹ́ yín?"

Ọjọ́ kejì, funfun. Ọ̀sẹ̀ kejì, funfun náà ni. Ọ̀rọ̀ náà wá ń jẹ ìyàwó lọ́kàn. Ọkùnrin tí kì í pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àfi tó bá pá, kí ló gbé e dé orí pípààrọ̀ aṣọ?

Ó dọ́gbọ́n gbé omi tútù lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí Wẹ́dà bá jó irin mọ́ irin tán, á bẹ̀rẹ̀, á di ojú kan, á wo ojú ibi tó jó pọ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ yìí, kò wò ó. Àtàǹpàkò ló fi ń tọ́ ọ lọ, irin náà ò sì tíì tutù. Ìyàwó wo ọwọ́ náà, ó kún fún àpá iná. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kó bá òun mú òwú àlùkò nínú àpótí. Dúdú ni Wẹ́dà gbé fún un, pẹ̀lú ìdánilójú.

"Ojú yín ò ríran dáadáa mọ́, Bàbá Ìbejì."

Àfi bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí i lára. "Ojú mi ò ṣe nǹkan kan! Ṣé o fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́ ni? Wẹ́dà tí ò ríran, ta ló máa gbé irin wá fún un? Wọ́n á ní kí n lọ jókòó sílé kí n máa ṣọ́ adìyẹ."

A ò tiẹ̀ ní adìyẹ nílé, ni obìnrin náà ń rò. Àmọ́ ó rí i pé ẹ̀rù ló ń ba ọkọ òun, àánú sì ṣe é. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ọ̀rọ̀ gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ó wọ́ àga rẹ̀ súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ fún mi ní pádì kejì."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. "Ìwọ? Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú?"

"Bí ẹ bá nà mí, mi ò ní dárúkọ ojú mọ́ láéláé. Bí mo bá nà yín, a jọ ń lọ sílé ìwòsàn ojú. Ṣùgbọ́n aṣọ àlùkò lẹ máa wọ̀."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Àbí kí ló fẹ́ sọ? Kó ní òun ń sá fún ẹni tí ò fọwọ́ kan pádì rí? Ó ní kò burú.

Ìyàwó mú ẹgbẹ́ kan tó wọ dúdú. Tẹlifíṣọ̀n náà ti yadi láti ọdún tó kọjá, kò sí ohùn kankan tó máa ṣàlàyé fún wọn. Wẹ́dà ló kọ́kọ́ gbá a. Aláṣọ dúdú ìyàwó rẹ̀ ló gbá a fún. Ó gbà á padà, ó tún gbé e fún aláṣọ dúdú. Ìyàwó ń wò ó. Ó wá ń ṣe é bíi kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ dé: bí mo bá gbé pádì sílẹ̀ ńkọ́? Ó rọra gbé e sórí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó káwọ́ sórí ẹsẹ̀.

Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ aláṣọ dúdú kan tó dúró gbagidi bí òpó. Àwọn aláṣọ àlùkò ń sáré kọjá lára rẹ̀. Wẹ́dà tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. "Ibo ló wà? Ibo ló wà?" ló ń sọ lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó rí i gbà, ó fi tagbáratagbára gbá a sẹ́yìn fún ẹni rẹ̀, ó kọjá lára gólì rẹ̀, ó wọ àwọ̀n ara rẹ̀.

Ó rí i pé àwọ̀n mì. "Ó wọlé! Ìwọ lo gbá a wọlé yẹn?"

Ìyàwó yíjú sí i.

"Háà, Ìyá Ìbejì! Ta ló kọ́ ẹ? O tún wá lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí koríko èèmọ́. Gbogbo ibi tí mo bá yí sí, ìwọ ni mo ń bá níbẹ̀."

Omi ti lé ròrò sójú obìnrin náà. Ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi í sáàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wẹ́dà fi ọwọ́ kejì wá ọ̀tún, ó wá òsì.

"Pádì ẹ dà?"

"Ó wà lórí maṣíìnì. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e síbẹ̀."

Wẹ́dà ò gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Àwọn aláṣọ àlùkò dúró láàárín pápá, wọ́n ń retí ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù.

"Aago mélòó," ó béèrè, "ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn ilé ìwòsàn yẹn?"