Ìgbà Tí Àwọn Ìyá Wa Gba Inú Pálọ̀ Kańsílọ̀ Lọ sí Ọjà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sí iléèwé ọ̀fẹ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló so abúlé wa pọ̀ mọ́ ọjà ìlú Òde-Ayé. Ìjọba kọ́ ló la ọ̀nà náà. Àwọn bàbá wa ló fi àdá àti ọkọ́ là á, wọ́n sì pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìpín bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ kan tó tẹ̀, ó sì parí sí etí odò kékeré kan tí a máa ń ká ṣòkòtò sókè ká tó là á kọjá. Bí koríko bá hù láàárín ibi méjèèjì yìí, gbogbo abúlé mọ ẹni tí wọ́n máa wò lójú.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù, ẹ má rò pé ìfẹ́ ìlú nìkan ló ń mú wọn ro ọ̀nà yẹn. Ìtìjú wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá jẹ́ kí ìpín tirẹ̀ di igbó, wọn kì í bú u, wọn kì í sì í pè é lẹ́jọ́. Wọ́n á kàn yà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n á gba inú àgbàlá rẹ̀ kọjá. Wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń yan pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, lórí iná, wọ́n á sì máa kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà bí wọ́n ti ń lọ. Kò sí ẹni tó lè fara dà á títí. Tó bá yá, onílé á wá àdá rẹ̀ rí.

Ọkùnrin kan wà ní abúlé wa nígbà náà, òun ló kọ́kọ́ fi páànù bolé, tó sì da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ pálọ̀. Nígbà tí ìdìbò kańsù dé, ó ní òun fẹ́ ṣe kańsílọ̀. Ojúlé dé ojúlé ló ń lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó jókòó lórí àpótí, ìyá mi gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì mu omi ìkòkò wa lé e. Ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún wa, bàbá mi bi í léèrè, ó dáhùn. Ó kúrò níbẹ̀, ó wọ ilé kejì. Bí wọ́n ti ń tọrọ ìbò nìyẹn.

Ó wọlé. Ó ra kẹ̀kẹ́ tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà aláwọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe Sọ́ńdè. Nígbà tí òjò ọdún yẹn rọ̀, koríko bo ìpín ọ̀nà rẹ̀, iwájú ilé rẹ̀ gan-an ni ìpín náà sì wà. Àwọn àgbà ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí wọ́n má bínú, ẹni tó ń ṣe ìjọba kò ráyè ro ọ̀nà. Àgbàlá rẹ̀ kò ṣeé gbà kọjá, torí ó ti fi ọgbà dí ẹ̀gbẹ́ ilé méjèèjì. Àwọn èèyàn ń kùn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọ́ inú koríko kọjá, ìrì ń rin wọ́n, ejò sì ń bẹ̀rù wọn bí àwọn náà ti ń bẹ̀rù ejò.

Ọjọ́ ọjà kan báyìí, àwọn obìnrin tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọlọ́gẹ̀dẹ̀, elépo pupa, ẹni tó ru apẹ̀rẹ̀ pupuru. Ìyá mi ló wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú garawa epo kékeré. Bí ó ti dé iwájú igbó yẹn, ó dúró, ó wo ọgbà kańsílọ̀, ó wo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó sì yà síbẹ̀. Gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. A gba ilẹ̀kùn iwájú wọlé, a gba pálọ̀, a gba ibi ìdáná, a sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ni gbogbo wa fi tẹ sìmẹ́ǹtì dídán yẹn. Ìyá kańsílọ̀ jókòó lórí ẹní níbẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra kí a lè kọjá, ó sì ń dá gbogbo wa lóhùn bí a ti ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kańsílọ̀ ró aṣọ mọ́ ìdí, ó jáde láti inú yàrá. Ìyá mi kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ó ní, “Ẹ má bínú sí wa o. Ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín ló dí, la bá ní ká kúkú gba ọ̀dọ̀ yín.”

Ọkùnrin náà wo sìmẹ́ǹtì rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ wa. Ìyá rẹ̀ ló fọhùn. Ó ní, “Ọmọ mi, àdá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

Nígbà tí a fi máa ti ọjà dé ní ọ̀sán, ọ̀nà ti mọ́ tónítóní, kańsílọ̀ wa sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kí i kú iṣẹ́, ó dáhùn, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Ìṣèlú tí mo kọ́kọ́ fojú rí nìyẹn, bóyá òun ló bà mí jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti tó ẹni tó ń dìbò, tí mo fi ṣe tíṣà títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí ìgbà tí wọ́n ní kí a wá dìbò tí n kò lọ. Èmi àti ìyàwó mi la jọ máa ń lọ. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni a máa ń jọ rò ó, torí obìnrin náà ní ọgbọ́n lórí, kì í sì í dìbò fún ẹni tí mo bá dìbò fún tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gbogbo àwọn tí a dìbò fún, ẹ ò lè mọ̀ wọ́n tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èrè rẹ̀ fún yín.

Òpó iná wà níwájú ilé mi. Wáyà wà lórí rẹ̀. Iná kò sí nínú wáyà. Ọdún tí iná ti lọ láàárín wa ti pẹ́ débi pé ọmọ tí wọ́n bí nígbà yẹn ti ń hu irùngbọ̀n báyìí. Gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá kù dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń wá gé ẹ̀ka igi kúrò lára wáyà náà, tí àwọn èèyàn á máa jó. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

A ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ iná, ká máa lo àtùpà wa, tí kì í bá ṣe ti ìyàwó mi. Ó ní àìsàn àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ ni ó sì ń gún. Òògùn abẹ́rẹ́ yìí kò fẹ́ ooru rárá, ibi tútù ló gbọ́dọ̀ máa gbé. Aládùúgbò wa kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì máa ń tan jẹnẹrétọ̀, inú firíìjì rẹ̀ la sì ń gbé e sí. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, epo gun òkè àjà, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, aládùúgbò náà gbé òògùn náà wá fún wa, ojú tì í, ó ní òun fúnra òun kò lè ta òògùn tó nílò firíìjì mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń ṣàlàyé lórí rédíò pé ó yẹ kí wọ́n yọ owó yẹn. N ò bá wọn jiyàn. Bóyá òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn? Abúlé tí kò ní iná ìjọba, bẹntiróòlù ni iná rẹ̀. Wọ́n jókòó sí Àbújá, níbi tí ooru kì í ti í mú wọn, wọ́n ṣe òfin bí ẹni pé gbogbo ilé ní Nàìjíríà ló ní ohun tí wọ́n ní. Inú ń bí mi. Tí mo bá sọ pé kò bí mi, irọ́ ni.

Ìyàwó mi wá gbé ìkòkò sínú yanrìn tútù, ó bu omi sí i, ó sì ń fi òògùn rẹ̀ sínú ike kékeré nínú rẹ̀. Nígbà òjò, ó ṣeé ṣe. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, omi inú ìkòkò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń gún abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, a ò mọ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ló ṣubú pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. A gbé e lọ sí ọsibítù l'Ókìtìpupa. Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, dókítà béèrè ibi tí a ń tọ́jú òògùn sí. Mo sọ fún un. Kò bá mi wí, ó kàn mi orí, ó ní a kò gbọ́dọ̀ gbé e padà sí ilé tí kò ti sí iná.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn olóṣèlú wá sí abúlé. Ọkùnrin tó fẹ́ lọ ṣojú wa nílé aṣòfin l'Àbújá ló kó wọn wá sí ilé mi, torí èmi ni àgbà ilé, wọ́n sì rò pé ibi tí mo bá na ọwọ́ sí ni gbogbo ẹbí máa dìbò sí. Wọ́n kó ìrẹsì àti fìlà wá. Mo ní kí wọ́n bu omi fún un, bí a ti ń ṣe fún àlejò. Ó dúpẹ́, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan sì na omi inú ọ̀rá sí i láti inú ọkọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fi ìkan pamọ́.

Ó tẹ́tí sílẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ iná yìí kò sí lọ́wọ́ wa, ti ìjọba àpapọ̀ ni.”

Mo ní, “Níbo lẹ wá ní ẹ fẹ́ lọ?”

Ó rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé níbo ni ilé rẹ̀ wà. Ó ní Àbújá ni ìdílé òun ń gbé, àmọ́ òun máa ń wálé. Mo wo ojú ọ̀nà tí mọ́tò rẹ̀ gbà wá, mo sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tèmi kò lè dé pálọ̀ rẹ̀ láéláé. Ọlọ́pàá á ti dá mi dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n gbé ìrẹsì kalẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀. Aládùúgbò mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Ìdí tí inú fi ń bí mi gan-an nìyẹn.

Ọmọ wa obìnrin wá láti Àkúrẹ́, ó ní òun fẹ́ mú ìyá òun lọ, torí iná máa ń wà ládùúgbò wọn, bó bá tilẹ̀ lọ, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn tan iná. Ìyàwó mi kọ̀. Ó ní ta ni yóò máa se oúnjẹ fún mi, ta ni yóò máa tọ́jú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó ní ilé ọkọ kì í ṣe ilé àlejò téèyàn ń di ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Bí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ ni ọkàn mi ń gbàdúrà pé kó má gbà.

Ó gbà. Ó fi káàdì ìdìbò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀, nítorí abúlé yìí ló ti forúkọ sílẹ̀, kò sì lè dìbò l'Àkúrẹ́. Ó máa ń pè mí láràárọ̀ báyìí. Ara rẹ̀ ti le. Ó ní òògùn òun tutù bí omi òwúrọ̀. Mo ní inú mi dùn, inú mi sì dùn lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń lọ jẹ oúnjẹ àná.

Ní ayé ìgbà èwe mi, obìnrin a fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, a lọ bá ọkọ. Ní ayé tí a wà yìí, ìyàwó mi fi ilé ọkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ ogbó, ó lọ bá firíìjì. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i tán. Wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn olóṣèlú yẹn ń padà bọ̀ kí ìdìbò tó dé, wọ́n á tún bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún mi. N ò ní sọ̀rọ̀ òpó, n ò ní sọ̀rọ̀ wáyà, ìrẹsì wọn sì ń bẹ nílẹ̀ níbẹ̀ tí eku ń jẹ ẹ́. Ìyàwó mi ni kí wọ́n dá padà fún mi.