Ọkùnrin Tí Káńsù Rán sí Afárá Wa

Òjò tó ba afárá wa jẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, kò sì dá títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Àárín Agége àti Ìkẹjà ni àdúgbò wa wà, níbi tí ògiri ilé iṣẹ́ ti pọ̀ ju ògiri ilé lọ. Kánààlì tó gba ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ náà kọjá kún, ó gbé tìmùtìmù, ilẹ̀kùn fíríìjì àti òkú ewúrẹ́ kan wá, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lu ẹsẹ̀ afárá. Nígbà tí omi fà, irin apá kan ti bá a lọ. Ọ̀dà títì ti ya bíi búrẹ́dì, ihò kan sì wà láàárín tí èèyàn lè gbà wo omi nísàlẹ̀.

Káńsù kò fi ṣeré. Ọ̀gá kan wá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó wọ bàtà òjò dé orúnkún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n yà á ní fọ́tò níbi tó ti ń nàka sí ihò náà. Ó ní káńsù máa gbé ìgbésẹ̀ kíákíá. Ìgbésẹ̀ náà dé lọ́jọ́ Ajé: àwọn dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n kùn ní funfun àti pupa, àti bàbá kan.

Bàbá náà ga, èjìká wọn tẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbé fèrè kọ́rùn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí, wọ́n sì ti wa tírélà rí kí ojú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Iṣẹ́ wọn ni kí ọkọ̀ kankan má gun afárá. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn lè kọjá. Káńsù fún wọn ní àga oníke kan, iwájú ṣọ́ọ̀bù màmá mi gan-an ni wọ́n sì gbé e sí.

Ẹ̀rọ ni màmá mi fi ń lọ ata fún àdúgbò. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, àwa méjèèjì la sì jọ ń gbé. Nígbà tí òjò tún rọ̀, màmá mi rí bàbá náà tí wọ́n jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni pé oòrùn ló ń ràn.

"Ṣé káńsù ní kí ẹ máa wẹ̀ níbẹ̀ ni?" màmá mi pariwo.

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ kúrò."

"Ẹ wá sábẹ́ páànù. Ẹ̀ẹ́ ṣì máa rí ihò yín láti ibí."

"Ẹ ṣé o, Màmá."

"Ẹ má pè mí ní màmá. Bí ẹ ò bá jù mí lọ, ẹgbẹ́ ni wá."

Nígbà tí àsìkò ìrun tó, bàbá náà bèèrè ibi tí wọ́n lè kírun sí. Màmá mi, tó jẹ́ pé ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, gbá igun ṣọ́ọ̀bù fún wọn, wọ́n sì pa ẹ̀rọ. Oníbàárà kan tó ń dúró de ata rẹ̀ bínú. Màmá mi ní kó lọ fẹjọ́ sun Ọlọ́run.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, igbe ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́ nítorí ariwo ẹ̀rọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ìyàwó bàbá náà ti kú, pé àwọn ọmọ wọn wà ní Ìlọrin, pé wọn kì í jẹ ẹja gbígbẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú afárá. Fúláwà ló kó, ilé búrẹ́dì tó wà lódìkejì ló ń lọ. Dírẹ́bà sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí dúrọ́ọ̀mù kúrò lọ́nà. Bàbá náà fọn fèrè.

"Bàbá, ẹ yà. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà rèé."

"Omi ti gbé èyí tó o máa ń gbà lọ. Ọmọ mi, ẹrù ẹ wúwo. Padà."

Dírẹ́bà gun ọkọ̀, ó ṣíná sí i. Bàbá náà lọ dúró síwájú rẹ̀. Wọn ò kúrò. Ibẹ̀ ni màmá mi ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ata pupa dé ìgúnpá wọn. Wọ́n gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí ojú fèrèsé.

"Ṣé wàá padà, àbí kí n bá ẹ nu ojú?"

Dírẹ́bà wo ọwọ́ náà. "Ẹ má bínú, Màmá," ó ní, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà dé òpin títì.

Ilé wa ni bàbá náà ti jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Màmá mi ní káńsù ò fún wọn lóúnjẹ. Mo ní káńsù ò fún èmi náà lóúnjẹ rí. Màmá mi fi ẹran kún tèmi.

Inú mi ò dùn. Yẹtí tí bàbá mi rà fún màmá mi, tí wọn kì í yọ síta àfi lọ́jọ́ Kérésìmesì, òun ni wọ́n wá ń fi sétí lọ ata. Mo rò ó pé bí afárá bá ti dára, kò ní sí ìdí tí bàbá náà á fi máa jókòó síbẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe di ajìjàgbara nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò yìn mí, wọ́n ní mo nífẹ̀ẹ́ ìlú.

Mo gbàyè níbi iṣẹ́ mi ní Ìlúpéjú, níbi tí a ti ń di oògùn sínú páálí, mo sì lọ sí ọ́fíìsì káńsù.

"Afárá wo?" ni ọ̀gbẹ́ni tí mo bá níbẹ̀ bèèrè. Mo ṣàlàyé. "Áà, a ti dá ẹ̀yin lóhùn. A rán ẹnì kan sí yín."

"Ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ rán yẹn gan-an ni mo bá wá."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan," mo ní. "Wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa."

Ó ní inú àwọn dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo padà lọ, mo tún padà lọ, títí ojú mi fi sú wọn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹnjiníà kó àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n da kọnkéré, wọ́n de irin tuntun. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí i, ọ̀gá káńsù pè mí síwájú pé kí n wá bá àwọn gé ríbọ́ọ̀nù, nítorí akitiyan mi. Bàbá náà ló pàtẹ́wọ́ jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n wọ bùbá funfun, wọ́n dé fìlà, wọ́n wá jókòó sí pálọ̀ wa. Màmá mi wà ní kíṣíìnì.

"Ọmọ mi," bàbá náà ní, "káńsù ti gbé mi lọ síbi gọ́tà kan ní Opebi. Mo ní ọ̀rọ̀ kan kí n tó lọ. Mo fẹ́ fẹ́ màmá ẹ. Wọ́n ní bí o bá kọ̀, àwọn náà kọ̀ nìyẹn."

Ariwo ìkòkò dákẹ́ ní kíṣíìnì.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ńkọ́?" mo bèèrè.

"Wọ́n á máa lọ. Èmi náà á máa lọ mọ́sálásí. Ọjọ́ Jímọ̀ ò bá ọjọ́ Àìkú jà."

Mo wo kọ́tìnnì kíṣíìnì. Ẹsẹ̀ màmá mi hàn nísàlẹ̀ rẹ̀, kò mira. Ó pẹ́ tí mo ti ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ní irú ọjọ́ yìí, ó sì gún régé. Ṣùgbọ́n mo rántí pé lẹ́yìn ikú bàbá mi, orí ìdúró ni màmá mi ti máa ń jẹun, bí ẹni tó ń kánjú lọ síbì kan, bẹ́ẹ̀ wọn ò níbi tí wọ́n ń lọ. Láti ìgbà tí bàbá yìí ti ń wá, wọ́n ti ń jókòó.

"Màmá, ẹ máa bọ̀," mo ní. "Wọ́n ń dúró dè yín."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, wòlíì ìjọ màmá mi gbàdúrà, ààfáà pẹ̀lú gbàdúrà, ìkínní sì wo òkè páànù títí ìkejì fi ṣe tán. Opebi ni bàbá ń lọ láràárọ̀ báyìí láti ṣọ́ gọ́tà, wọ́n sì máa ń tètè dé. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n máa ń mú agbòjò wá pàdé mi níbi tí bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ máa ń já wa sí. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì náà bi mí pé ta ni bàbá yẹn. Mo ní bàbá mi ni. Ó wò wá dáadáa, ó ní a mà jọra o.

Mi ò bá a jiyàn.