Ìrìn Àjò Tí Mi Ò Sọ Fún Ẹnikẹ́ni

Fọ́tò físà kì í gba ẹ̀rín. Mo rántí ọkùnrin ayàwòrán kan ní Ìkòtún tó máa ń fi ìka gbé àgbọ̀n mi sókè, tí á ní kí n yọ yẹtí, kí n ká irun kúrò létí, kí n má sì jẹ́ kí eyín hàn. Mo yà á títí kò fi sí ìdí láti sọ fún mi mọ́. Bí mo bá ti jókòó síwájú aṣọ funfun rẹ̀ báyìí, ojú mi á ti fà ro fúnra rẹ̀. Tí mo bá wo àwọn fọ́tò náà lónìí, ó máa ń dà bíi pé ẹni tó wà níbẹ̀ ti mọ ohun tó ń bọ̀, èmi tí mo ń sanwó fọ́tò nìkan ni mi ò mọ̀.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí, ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Èkìtì ni mo ti wá, bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àdúgbò wa, Ìgàǹdó ni mo sì gba yàrá sí. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ Èkó ní Yorùbá mọ ohun tí ojú ń rí. Àwọn òbí á wá bá mi, wọ́n á fi Yorùbá tó já gaara sọ fún mi pé kí n má fi Yorùbá ba ẹnu ọmọ àwọn jẹ́. Ó ti ń rẹ̀ mí nígbà tí bùrọ̀dá kan, tó ti bá wa ṣiṣẹ́ rí kó tó lọ sí òkè òkun, kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ní yunifásítì tí òun ti ń kọ́ àwọn òyìnbó ní Yorùbá, wọ́n ń wá ẹlòmíì, ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ káàárọ̀, tó sì máa pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti kà á. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó jókòó tì mí sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Bùrọ̀dá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó là á yé mi bí físà olùkọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ wọn. Àkọ́kọ́ ni ti pàṣípààrọ̀, tó wà fún ẹni tó fẹ́ wá kọ́ wọn ní èdè rẹ̀ fún ọdún kan. Ó rọrùn ún rí, ṣùgbọ́n tí ọdún bá pé, ilé yá nìyẹn, o sì lè jókòó sílé fún ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó gbà ọ́ padà. Èkejì ni ti akẹ́kọ̀ọ́: ìwọ náà á wọ kíláàsì, wàá máa kàwé, wàá sì máa kọ́ni láti fi rówó ilé ìwé san. Ọ̀nà yẹn lòun fúnra rẹ̀ gbà, ó ní òun jẹ búrẹ́dì títí ikùn òun fi gbàgbé ẹ̀bà. Ẹ̀kẹta ni ti òṣìṣẹ́, èyí tí yunifásítì fúnra wọn á dúró fún ọ níwájú ìjọba wọn. Ó ṣeé tún ṣe, tó bá sì pẹ́, o lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí o máa gbé ibẹ̀.

"Àbúrò, má gba ti ọdún kan o," ó sọ bẹ́ẹ̀ sínú fóònù. "Wọ́n kàn máa fi ẹ́ tọ́ ẹnu wò ni jàre."

Ti akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Èmi fúnra mi ni mo kọ ìyẹn. Mo ní mo ti dàgbà ju kí n máa bá ọmọ àná dìde kí olùkọ́. Ti òṣìṣẹ́ ni mo dúró dè, ó sì pẹ́ gan-an kí yunifásítì tó gbà. Nígbà tí wọ́n fi máa gbà, mo ti mọ̀ lọ́kàn mi pé tí èyí bá bọ́, òmíràn ò ní yọjú. Ọjọ́ orí mi ń lọ, kò sì sí ọ̀pọ̀ ibi láyé yìí tí wọ́n ti ń wá olùkọ́ Yorùbá kiri.

Ìyá mi nìkan ni mo sọ fún. Kódà, kó tó kí mi kú oríire ló ti ń kìlọ̀. "Ṣé o ti rí aláboyún oṣù kan tó ń pariwo kiri rí? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀." Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì sí mi. Níbo ni wọ́n ti ń kéde ìrìn àjò ní Èkó wa yìí? Olùkọ́ kẹ́mísírì wa ní òun ń lọ tọ́jú eyín. A ń bá a gbàdúrà fún eyín, àfi bí a ṣe rí fọ́tò rẹ̀ nínú yìnyín. Nínú ìjọ, ẹ̀yìn ìgbà tí èèyàn bá ti gúnlẹ̀ sọ́hùn-ún ni a tó ń gbọ́ ẹ̀rí. Èmi náà di ẹnu mi pinpin.

Ẹni tó ṣòro jù láti fi pamọ́ fún ni ọ̀gá wa, prínsípà ilé ẹ̀kọ́ wa, ìyá Oǹdó kan tó mú mi bí àbúrò. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá fẹ́ sá lọ ṣe nǹkan ìwé ìrìnnà, ilé ìwòsàn ni mo máa ń sọ pé mò ń lọ. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ń ru. Ìyá yìí gbààwẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru tí mi ò ní. Ó tún máa ń fún mi ní ewé pé kí n lọ sè é mu, mo sì ń sè é, mo ń mu ún, torí ojú tì mí láti dà á nù.

Ní sáà yẹn kan náà, gbájúẹ̀ kan pe fóònù ilé ẹ̀kọ́. Ó ní láti báǹkì lòun ti ń pè, ó béèrè ọ̀rọ̀ nípa olùkọ́ ìṣirò, ọ̀gá wa sì fi inú kan dá a lóhùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbọ́n àkáǹtì ọkùnrin náà gbẹ. Ọ̀gá wa pe ìpàdé. Ó ní láti òní lọ, ẹni tí a ò bá mọ̀ rí tó bá pè láti béèrè olùkọ́ kankan, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: a ò mọ ẹni bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pè mí sí ẹ́ḿbásì. Òyìnbó tó wà lẹ́yìn gíláàsì béèrè ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àti bó ṣe pẹ́ tó. Mo dáhùn, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ó ní àwọn lè pe ilé ẹ̀kọ́ mi láti mọ̀ dájú. Inú mi dùn. Ta ló máa jẹ́rìí mi ju ọ̀gá wa lọ? Mo ti mú un lọ́kàn pé kó tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀, físà á ti wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìpàdé yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Orin ni mo kọ dé Ìgàǹdó.

Wọn ò fún mi. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo dárúkọ ní àwọn ò mọ̀ mí, pé mo parọ́ nípa iṣẹ́ mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, mo tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un, àti ẹ̀jẹ̀ ríru àti gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá wa ní, "Obìnrin kan pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń fi imú sọ̀rọ̀ bí òyìnbó. Ó ní ṣé o ń ṣiṣẹ́ níbí, mo ní irú ẹ ò sí níbí. Ó tún béèrè, mo ní Ọlọ́run máa mú un. Áà! Mo rò pé mò ń gbà ẹ́ lọ́wọ́ gbájúẹ̀ ni."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún mi? Ṣé mo máa pa ẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ṣá, kí o sọ ààbọ̀ fún mi, mi ò bá ti mọ èyí tí màá sọ!" Ó fi etí gèlè nu ojú. Èmi náà ń sunkún. Ó dùn mí débi pé mi ò lè bínú sí i.

Ó sapá o. Ó kọ̀wé sí wọn, ó pè wọ́n, ó ń dúró lórí fóònù títí káàdì fi ń tán. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi bọ́ sí ẹ̀yìn ìgbà tí yunifásítì máa wọlé, wọn ò sì lè fi kíláàsì sílẹ̀ láìsí olùkọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gbé e fún. Bùrọ̀dá ní ó mọṣẹ́ náà dáadáa. Mo padà sí kíláàsì, mo ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ orúkọ, àwọn ọmọ ń sùn.

Ọdún kejì rẹ̀, nígbà ìsinmi gígùn, ọ̀gá wa ní òun ń lọ sí Oǹdó, pé ẹbí fẹ́ parí ìjà ilẹ̀ kan. Nígbà tí a wọlé padà, ẹlòmíì ló jókòó sórí àga rẹ̀. Nọ́ńbà òkè òkun kan pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Ó ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò sì ní padà mọ́.

"Má bínú sí mi, àbúrò mi," ó ní. "O ṣá mọ bí ayé ṣe rí."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ kú oríire."

Mo kí i tọkàntọkàn. Ó dùn mí pẹ̀lú.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn títí, mi ò rí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Ìyá mi ń dáàbò bò mí, ọ̀gá wa ń dáàbò bò mí, èmi náà ń ṣọ́ra. Ọ̀tá tí gbogbo wa ń sá fún kò tilẹ̀ yọjú. Àwọn tó fẹ́ràn mi ló bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ṣì wà ní Ìṣẹ̀rí, mo ṣì ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Àwọn olùkọ́ kéékèèké tó gbọ́ ìtàn yìí máa ń bi mí bóyá mi ò ní tún gbìyànjú. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ mí. Òótọ́ sì ni, ó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ká ní kò rẹ̀ mí ńkọ́, kí lẹ rò pé màá sọ?