Wọn Ò Ṣílẹ̀kùn Torí Mínísítà Ń Sọ̀rọ̀

Olóhùn Iyọ̀ ti kú. Inú yàrá tó ti ń ka ìròyìn nílé iṣẹ́ rédíò ìjọba ló kú sí. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kéde pé àìsàn ránpẹ́ ni. Àìsàn ránpẹ́ wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ wá di ọ̀dẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní sòkòtò péńpé ni ìyá yìí ti ń ka ìròyìn fún wa. Tó bá ní "ẹ káàárọ̀," bàbá mi á dá a lóhùn bíi pé wọ́n jọ wà ní pálọ̀. Síbẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń pè é ní agbẹnusọ ìjọba. Níbi iṣẹ́ ẹ̀wẹ̀, alátakò ni ọ̀gá àgbà ń pè é, torí ó béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi ìpolówó ọṣẹ gé ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn alátakò lẹ́nu. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Lọ́jọ́ náà, mínísítà ń sọ̀rọ̀ láti ọ́fíìsì rẹ̀, rédíò ń gbé e jáde. Ìyá náà jókòó sínú yàrá ìròyìn, ó ń dè é kó parí kóun tó kàròyìn. Òfin ibẹ̀ ni pé bí iná pupa tó ń fi hàn pé ètò ń lọ lórí afẹ́fẹ́ bá ti tàn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tinú sì ti já tipẹ́, wọn ò tún un ṣe. Ni ikọ́ fée bá gbé e. Báàgì tí oògùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀ wà níta. Ó ń fọwọ́ lu gíláàsì.

"Ọ̀gá, mọ́mì ò lè mí mọ́ o!" Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ló pariwo bẹ́ẹ̀. Òun náà ló sọ fún mi, ó ní kí n má dárúkọ òun, torí òun lọ́mọ nílé.

"Ṣé o ò rí iná pupa ni? Jẹ́ kí mínísítà parí ná." Ọ̀gá tó dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, kò dárúkọ rẹ̀ fún mi.

Mínísítà parí. Nígbà tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn, ẹ̀pà ò bóró mọ́.

Háà! Ọṣẹ lè gé alátakò lẹ́nu, ẹ̀mí èèyàn ò lè gé mínísítà! Rédíò gbogbo wa ni àbí ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan? Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irọ́ yìí la máa fi sin mọ́mì mi?"

Rárá o. Ọ̀gá àgbà, ẹ jókòó síwájú makirofóònù, kí ẹ fẹnu ara yín sọ ẹni tó ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò ńbẹ̀, kí àwọn tí ẹgbẹ́ kankan ò yàn wá wádìí yín. Òkú ìyá náà ṣì wà nílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní òun ò ní sin ín títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀.